Màmá Ń Béèrè Èsì Bọ́ọ̀lù Wa Ní Gbogbo Sátidé

Admin, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́. Mo ń parọ́ èsì bọ́ọ̀lù fún màmá àgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa jáwọ́ níbẹ̀. Kóòṣì bọ́ọ̀lù ni mí ní college kan níbí ní Dagenham, nílùú ọba. Head Coach ni wọ́n kọ sẹ́yìn jákẹ́ẹ̀tì mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí kóòṣì mìíràn tí mo jẹ́ olórí fún... èmi ni mo ń fẹ́ atẹ́gùn sí bọ́ọ̀lù, èmi ni mo ń wa minibus, èmi náà ni mo ń fọ jẹ́sì. Láti ìgbà tí mo ti débẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin la ti borí, a ta ọ̀mì lẹ́ẹ̀mejì. Ìyókù, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká ka òkú ogun.

Mi ò níyàwó, mi ò lárá nílùú yìí. Tí mo bá ti pápá dé sí yàrá mi ní Castle Green, ariwo ọkọ̀ ojú títì A13 nìkan ló ń kí mi káàbọ̀. Màmá yìí, opó ará Ìjẹ̀bú tó ń gbé nítòsí Heathway, àwọn nìkan ló ń pè mí ní Sátidé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo sòótọ́ pé a pàdánù. Wọ́n ní pẹ̀lẹ́ ọmọ mi, wọ́n ka Sáàmù kan, wọ́n gbé fóònù sílẹ̀. Ó parí. Ọ̀sẹ̀ tí a wá borí... ẹ̀yin èèyàn mi, màmá ṣe Halelúyà méje lórí fóònù, wọ́n bi mí ẹni tó gbá góòlù wọlé, wọ́n bi mí ohun tí mo jẹ, wọ́n sọ̀tàn ọkọ wọn olóògbé tó jẹ́ gólì nígbà èwe, títí ọbẹ̀ mi fi jóná, inú mi sì ń dùn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n lù wá lórí pápá bí ẹni lu bàrà. Mo ní a borí. Kí lẹ̀yin ì bá ṣe?

Lẹ́nu màmá báyìí, kò sẹ́ni tó tún nà wá mọ́ ní sáà yìí. Wọ́n ti kéde mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti wọ sùtánà funfun jó ìdúpẹ́ lọ síwájú pẹpẹ fún ìṣẹ́gun tí kò ṣẹlẹ̀, mo sì jó o dáadáa... ká ní àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ mọ bọ́ọ̀lù gbá bí mo ṣe mọ ijó yẹn jó ni.

Ní Sunday tó kọjá, ọmọ-ọmọ màmá lóbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní pharmacy fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Uncle, bottom of the league lẹ wà, innit. Grandma mọ̀ o. Èmi ni mo máa ń ka result yín fún wọn lórí website college kí wọ́n tó pè yín." Mo ní kí ló dé tí wọn ò fi bá mi wí? Ó ní, "Wọ́n ní ẹ mọ goal ròyìn. Ẹ̀rín yẹn ni wọ́n máa ń bá sùn. Please, don't stop."

Mi ò mọ ẹni tó ń tan ẹnì kejì mọ́. Ṣé kí n sọ fún màmá pé mo mọ̀ pé wọ́n mọ̀? Tí fóònù bá wá dákẹ́ ńkọ́? Àbí kí n máa parọ́ mi lọ? Sátidé tó ń bọ̀, àìsàn ti dá ìdajì àwọn tí a fẹ́ bá gbá dúbúlẹ̀, ó ṣeé ṣe ká borí... tí a bá wá borí lóòótọ́, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa ròyìn rẹ̀ tí yóò fi dùn tó irọ́ mi?