Ọ̀já Ìyàwó Délégé Lára Màríà

                                                  Ilé Ìyá Zoé,
                                                  Ẹ̀yìn Ọjà Gbégamey,
                                                  Kútọnu.
                                                  Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹjọ, 1976.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ọlábísí,

"Láti òní lọ, orílẹ̀-èdè nìkan ni ìyá wa. Ìyá tí kò bá lè fún ọmọ lọ́mú, igi lásán ni. Ẹ jẹ́ kí igi máa jẹ́ igi."

Má jẹ́ kí ẹnu yà ọ́, èmi kọ́ ni mo sọ ọ́. Théodore ni, ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ ní á-bé-sé, tó ti di délégé àdúgbò wa báyìí, tí Ìjọba Ìyípadà fi ṣe ojú àti etí rẹ̀ ní Gbégamey. Mo ní kí n kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ ńlá rẹ̀ kí ọ, kí o lè mọ̀ pé a kì í ṣe ọmọ ènìyàn lásán mọ́ níbí.

Ó yá, jẹ́ kí n wá kí ọ bí ènìyàn ṣe ń kí ènìyàn. Ṣé àlàáfíà ni Pọ̀bẹ̀ wà? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì? Bàbá Ìdòwú ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá rédíò jiyàn bí ẹni pé rédíò ń gbọ́? Òjò tó dáwọ́ dúró yìí, ṣé kò ba àgbàdo yín jẹ́? Ara tèmi le, a dúpẹ́. Ọkàn ni kò balẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí mo fi kọ̀wé sí ọ. Látífàt tó ń wá ra epo ni mo fi í rán, n kò fi sí pọ́ọ̀sì. Bí o bá kà á tán, fi dáná ọbẹ̀.

O rántí ère Màríà tó wà lẹ́bàá kànga ilé wa, tí bàbá bàbá Ìyá Zoé onílé mi gbé bọ̀ láti Bùràsíìlì nígbà tí àwọn Àgùdà ń padà wálé. Igi ni, ọ̀dà aṣọ rẹ̀ ti ń ṣí, ìka ọmọ tó gbé dání sì ti kán. Ìwọ àti èmi, Mẹ́tọ́díìsì, Kérésì nìkan la máa ń rí Màríà, bí ọdún bá sì ti tán, a ó tún kó o padà sínú àpótí. Nítorí náà, bóyá n kò sọ àṣà ibẹ̀ fún ọ rí. Obìnrin tí oyún rẹ̀ bá ti yọ yóò mú ọ̀já tuntun wá, yóò so ó mọ́ ìbàdí Màríà. Wọ́n ní Màríà ń bá a pọn ọmọ náà sílẹ̀ títí yóò fi dé. Bí ọmọ bá dé, ìyá ọkọ ni yóò gbé e wá, yóò tú ọ̀já náà, òun ni wọn yóò sì kọ́kọ́ fi pọn ọmọ. Bí ìyá ọkọ kò bá sí láyé mọ́, ọkọ fúnra rẹ̀ ni yóò wá kúnlẹ̀ tú u. Ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Wọn kì í sì í tú u ṣáájú ọmọ, nítorí ta ló ń tú ọ̀já nígbà tí ọmọ ṣì wà lẹ́yìn?

Pásítọ̀ wa ní ìránṣẹ́ lásán ni Màríà, kí a má gbé e ga jù. Fadá àwọn Àgùdà ní Ìyá Ọlọ́run ni, kí a má rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Théodore ní igi ni. Ọkùnrin mẹ́ta, Ọlábísí, kò sí ìkankan tó rọbí rí. Èmi tí mo ti kàwé títí ojú mi fi di ti dígí, ohun tí mo rí ni pé wòlíì àtijọ́ ní Olúwa yóò rẹ̀ wá lẹ́kún bí ìyá ṣe ń rẹ ọmọ. Bí Olúwa fúnra rẹ̀ kò bá tijú kí a fi òun wé abiyamọ, kí ló ń bí délégé nínú?

Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni Théodore, Mùílíù àti àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ wọn wá gbé e. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti àpò sìmẹ́ǹtì ni wọ́n tì wọ àgbàlá. Ìyá Zoé ń gbàdúrà, wọ́n ń kọrin Ìyípadà, àwọn adìẹ ń sá. Wọ́n lọ tì í mọ́ inú yàrá kan nínú bírò wọn, tòun ti ọ̀já méjì tó wà ní ìbàdí rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni Émilienne wọlé tọ̀ mí wá, ìyàwó Théodore. Oyún méjì ló ti bà jẹ́ lára ọmọ yẹn, ẹ̀kẹta nìyí, ó sì ti wọ oṣù rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní, "Tàntí, ọ̀kan nínú ọ̀já yẹn, tèmi ni."

Ọ̀rẹ́ mi, mo dìde ti ilẹ̀kùn. Ó ní ìró ìyá Théodore tó ti kú ni òun gé, kí ìyá náà lè wà níbẹ̀. Mo mọ ìró yẹn. Nígbà tí Théodore wà ní kíláàsì mi, ó fẹ́ lọ aṣọ náà fún ìyá rẹ̀ nítorí ọjọ́ ìpín ẹ̀bùn, irin sì jó o. Obìnrin náà ró o wá bẹ́ẹ̀, ó yí ibi tó jó síta kí gbogbo wa lè rí i, ó ń rẹ́rìn-ín pé, "Ọmọ mi ló lu òǹtẹ̀ yìí fún mi." Etí ọ̀já ni Émilienne fi òǹtẹ̀ náà sí.

Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún ọkọ rẹ̀. Ó ní, "Bí wọ́n bá gbọ́ pé ìyàwó délégé ni, wọ́n á ní ọkọ mi ló rán mi. Tàntí, ẹ mọ olùkọ́ tí wọ́n gbé ní Cadjèhoun. Ìyàwó rẹ̀ kò tíì mọ ibi tó wà." Ó mú mi búra pé n kò ní sọ fún Théodore. Ó wá ní kí n lọ bá a sọ̀rọ̀. Ìyẹn ni pé kí n lọ pa iná, kí n má sì mú omi dání.

Mo lọ. Ó dìde fún mi, mo gbà fún un níbẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ kò ṣòfò.

"Ẹ káàbọ̀, Kamarádì Màdáámù."

Mo ní kó mú ọ̀kan nínú méjèèjì, ẹrù wọn ti pọ̀ jù fún ọjọ́ orí mi. Kò rẹ́rìn-ín.

"Théodore, kí ni igi náà ṣe yín?"

"Ó ń tan àwọn obìnrin jẹ, Màdáámù. Ilé ìgbẹ̀bí wà, dókítà wà. Ẹni tó ń so aṣọ mọ́ igi kò gbẹ́kẹ̀ lé Ìjọba."

"Ó dáa. Kí ló dé tí ẹ kò tú ọ̀já náà nígbà tí ẹ gbé e?"

Ó gbójú sókè. "Ìkánjú ni."

"Àbí Mùílíù àti àwọn yòókù rántí ọ̀já tí wọ́n fi pọn ọmọ tiwọn?"

Ó ní lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọn yóò gbé Màríà síta lójú gbogbo àdúgbò, wọn yóò tú ọ̀já náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá ni ín yóò jáde wá sọ àṣìṣe ara rẹ̀. Kamarádì ńlá kan ń bọ̀ láti òkè wá wò ó.

"Bó bá jẹ́ ẹni tí o mọ̀ ńkọ́?"

"Ìyípadà kì í wojú, Màdáámù."

Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi. Mo gbé e mì, ó sì korò.

Àbámẹ́ta pé. Kamarádì ńlá náà wọ Pijó dé, dígí dúdú lójú. Théodore kígbe ìkíni Ìyípadà ní èdè Fọ̀n, "Èhúzù!", a dáhùn "Dàńdàn!", bààlúù kan sì gbéra láti pápá ọkọ̀ òfurufú Cadjèhoun, ó gbé ìdajì ọ̀rọ̀ ìkíni náà lọ. Wọ́n gbé Màríà dúró lórí àga. Àlejò náà ní, "Ẹ tú u." Nǹkan kó sí Mùílíù lójú. Bàtà ẹnì kejì já. Théodore wò wọ́n, ó rìn lọ fúnra rẹ̀, ó na ọwọ́ sí ọ̀já àkọ́kọ́.

"Kamarádì, ẹ dúró o! Tèmi nìyẹn!" Sìdíkàt ni, ìyàwó Wàhábì télọ̀, ó fọwọ́ gbá ikùn rẹ̀ mú bọ̀.

Àlejò náà ní, "Ìwọ kì í ṣe Mùsùlùmí ni? Kí ló pa ìwọ àti Màríà pọ̀?"

"Oyún ni, kamarádì. Àwa náà mọ Màríámù. Ẹ̀yin ni ẹ kò mọ̀ ọ́n."

Èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Àlejò náà ní kó tú u. Sìdíkàt ní òun kọ́ ló ń tú u, ìyá ọkọ òun ni. Ni Ìyá Wàhábì bá tẹ ọ̀pá jáde, ó wo àlejò náà láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ẹnì kan pọ̀n ọ́ rí? N kì í tú ọ̀já nígbà tí ọmọ wà lẹ́yìn." Ó sì jókòó sílẹ̀ níbi ẹsẹ̀ Màríà, ó na ẹsẹ̀ tirẹ̀.

Ọkùnrin náà bọ́ dígí ojú rẹ̀. Ẹ̀rín parẹ́. Théodore rí i, ó yára di ọ̀já kejì mú, ó fa etí rẹ̀ síta kí gbogbo ènìyàn lè rí i. "Èyí ńkọ́? Ta ló ni ín?"

Òǹtẹ̀ irin náà là sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Émilienne wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Èékánná rẹ̀ wọ ọrùn ọwọ́ mi, àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí. Théodore kò wo apá ọ̀dọ̀ wa. Ó kàn ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Kamarádì délégé, a ń dúró."

"Kò sí ẹni tó jáde."

"Tú u nígbà náà, kí o sì sun ún."

Théodore wá fi ohùn tó máa ń lò nígbà tí kò bá ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá sọ̀rọ̀, ohùn tí mo mọ̀ dáadáa.

"Ẹ̀rí ni, kamarádì. A kì í sun ẹ̀rí. N ó ṣe ìwádìí."

Ọkùnrin náà fi dígí rẹ̀ padà sójú. Ó ní, "Ìparí oṣù ni n ó padà wá. Obìnrin náà ni kí o mú wá fún mi." Ó wọ Pijó rẹ̀ lọ.

Wọ́n gbé Màríà padà, wọ́n tì í mọ́lé, ọ̀já méjèèjì ṣì wà lára rẹ̀. Émilienne ní kọ́kọ́rọ́ yàrá náà ti wà lọ́rùn ọkọ òun láti ọjọ́ náà, ó fi okùn so ó, kì í bọ́ ọ bó bá ń wẹ̀ pàápàá. Kò bi í léèrè ohunkóhun. Yóò jẹun tán, yóò wo ikùn rẹ̀, yóò sì gbójú kúrò. Agbẹ̀bí ní ọmọ náà yóò dé kí oṣù tó parí. Lọ́jọ́ Àìkú ni àwọn Àgùdà yóò ṣe àjọ̀dún Màríà. Ìyá Zoé ti gbá ẹ̀bá kànga mọ́, ó gbé òdòdó síbi tí kò sí ẹnikẹ́ni.

Bá mi kí Bàbá Ìdòwú, sọ fún wọn kí wọ́n rọra máa bá rédíò jà, rédíò ti ní délégé. Kí àwọn ọmọ-ọmọ fún mi, kí o sì tọ́jú orúnkún yẹn. Bí o bá ń gbàdúrà, má wulẹ̀ yan ẹni tí wàá gbà á sí, Baba ni o, ìyá ni o, sáà pe orúkọ Émilienne.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bi ara mi. Mo bi Pásítọ̀, ó wo ilẹ̀. Mo bi Ìyá Zoé, ó ń ka ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà rẹ̀ lọ. Bí ọmọ yẹn bá dé, Ọlábísí, ta ni yóò tú ọ̀já náà?

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi,
Adérónkẹ́.