Áísìkiriìmù Tí Wọ́n Torí Rẹ̀ Ṣọ̀fọ̀ Chinami

Chinami, ọmọ mi tí mo fi ọwọ́ ara mi tọ́,

Mo kí ọ kú ooru, mo kí ọ kú làálàá, mo kí ọ kú fífún ara pọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin Tokyo láràárọ̀. Ìrẹsì wa ti ń yọ orí, koríko inú rẹ̀ náà kò sì gbẹ́yìn. Ẹsẹ̀ ṣì ń dun baba rẹ, ṣùgbọ́n kò dùn ún tó kó má lè rìn dé odò tó ti ń pẹja. Àwọn ará ilé wa tó ti lọ yóò máa ṣọ́ ọ, ilẹ̀ kò ní mì mọ́ ọ lórí nínú ilé alájà gíga tí o ń gbé, wàá máa rí oúnjẹ jẹ yó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí o ń jẹ kò tíì yé ẹnikẹ́ni níhìn-ín.

Ìròyìn ilé kò pọ̀, méjì péré ni. Àkọ́kọ́, mo ti rí áísìkiriìmù náà. Èkejì, o ti kú. Gbogbo abúlé ti ṣọ̀fọ̀ rẹ, wọ́n sì sunkún dáadáa, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Fara balẹ̀, màá ṣàlàyé bó ṣe jẹ́.

Ṣé o rántí pé nígbà tí o délé fún ọdún tuntun, o ní o kì í jẹ ẹran mọ́, o kì í jẹ ẹja, o kì í jẹ ẹyin, o kì í mu wàrà, oyin pàápàá, o ní ìyà ni wọ́n fi ń jẹ kòkòrò. Mo gbà. Mo se ọbẹ̀ ọdún, mo sì ṣa gbogbo ẹja gbígbẹ kúrò nínú rẹ̀ kí n tó bù ú fún ọ. O tọ́ ọ wò, o ní ẹja wà níbẹ̀. Mo ní kò sí, ó ti jáde. O ní ó jáde lóòótọ́ ṣùgbọ́n ó ṣì wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ tí mo ti ń se ọbẹ̀, mi ò rí ẹja tó ń jáde tó tún ń jókòó rí. O di ẹrù rẹ lọ́jọ́ kejì, o sọ fún baba rẹ pé o kò ní wá jókòó nínú ilé yìí mọ́ títí a óò fi ní ohun kan tí o lè fi sẹ́nu láìbéèrè ọ̀rọ̀. Nígbà tí ìyá àgbà kú ní oṣù kejì, o wá sìn ín, o jẹ ìrẹsì funfun pẹ̀lú iyọ̀, o sì bá ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ padà. Mo rí ọ.

Ṣùgbọ́n Obon tó ń bọ̀ yìí, ọdún tí àwọn òkú ń wálé lọ́jọ́ kẹtàlá, ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ìyá àgbà máa wálé gẹ́gẹ́ bí òkú. Ta ni yóò dúró nídìí iná lẹ́nu ọ̀nà láti pàdé rẹ̀? Èjìká rẹ ló máa ń dì mú tó bá ń sọ̀kalẹ̀ láti orí pèpéle, kì í ṣe tèmi, ó ní egungun tèmi gún òun. Nígbà tí baba rẹ bẹ̀ ọ́ lórí fóònù, o ní ó dáa, bí ìyá òun bá lè rí áísìkiriìmù kan ṣoṣo nínú ṣọ́ọ̀bù, tí kò ní wàrà, tí kò ní ẹyin, tí kò ní egungun ẹran tí wọ́n sè di mọ́ínmọ́ín, òun á wá. Ọmọ tí mo bí ló ń fún mi ní ìdánwò. Mo ní kò burú, mo wọ bàtà, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ilé ìtajà ńlá tó wà nílùú.

Chinami, mi ò mọ̀ pé àwọn màlúù ilẹ̀ wa ń ṣiṣẹ́ tó báyìí. Èyí tí wọ́n ya ọsàn sí lára, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, wàrà ni. Èyí tí wọ́n ya èso pupa sí, èso náà kò sí nínú rẹ̀ rárá, wàrà àti pupa ẹyin ló wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ìyẹ̀fun ìrẹsì wé roboto, mo ní ìrẹsì kúkú ni, ìrẹsì kò ní ìyá, àfi bí mo ṣe rí wàrà nínú rẹ̀, tí funfun ẹyin sì tẹ̀lé e. Èyí tí wọ́n ní tófù ẹ̀wà sóyà ni wọ́n fi ṣe é, inú mi dùn, mo ti ń gbé e lọ síbi ìsanwó kí n tó rántí yí i padà, wàrà ti jókòó síbẹ̀ ó ń dúró dè mí. Mo wá rí ọ̀kan tí kò ní nǹkan kan, àfi pé wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ibi tí wọ́n ti ṣe é, wọ́n ń ṣe nǹkan oníwàrà àti oní-edé níbẹ̀ pẹ̀lú. Ta ló bi wọ́n? Màlúù Tokuko-san wà lẹ́yìn ògiri wa láti ìgbà tí a ti bí ọ, ṣé a óò wá kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn wa pé wọ́n ń fún wàrà nítòsí ni? Mo dá a padà ṣá, nítorí mo mọ̀ ọ́.

O ti ní kí n máa ya ẹ̀yìn wọn ní fọ́tò kí n fi ránṣẹ́. Mo yà á, o dá mi lóhùn pé iwájú orí mi lo rí. Mo rò ó pé bóyá fóònù náà kò ríran dáadáa ni, bíi tèmi náà, ni mo bá gbé áísìkiriìmù lé e lójú kó lè kà á fúnra rẹ̀. Ó kọ́kọ́ gbọ̀n, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Ọmọbìnrin tó ń tajà ní òtútù ló mú un. Mo fi ṣẹ́ẹ̀tì òtútù baba rẹ wé e, mo tẹ́ ẹ sínú àpótí, ara rẹ̀ kò tíì yá títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ìdí nìyẹn tí o kò fi gbọ́ ohùn mi.

Ni mo bá ní kí n lọ bá Osho-san ní tẹ́ḿpìlì, nítorí àwọn àlùfáà wa kì í jẹ ohun ẹlẹ́mìí láti ayébáyé, wọ́n á mọ̀. Wọ́n ní ó ti jáde. Mo rí ọkọ̀ rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù tó wà ní oríta, ó jókòó sínú rẹ̀, itan adìẹ díndín wà lọ́wọ́ ọ̀tún, áísìkiriìmù oníwàrà wà lọ́wọ́ òsì. Ó ní òun ń bá ẹnì kan mú adìẹ náà dání ni. Mo ní ẹni náà mà ti gé e jẹ, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹni náà kò ní sùúrù. Mo sọ ohun tí mo ń wá fún un. Inú rẹ̀ dùn pé mo yí ọ̀rọ̀ padà, ó fi egungun adìẹ tọ́ka sínú ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí n lọ wo èyí tí wọ́n fi ẹ̀wà pupa ṣe, tó ní igi nídìí.

Mo wò ó. Ẹ̀wà pupa, ṣúgà, sítáàṣì, iyọ̀, omi. Mo tún un kà. Mo bọ́ gíláàsì ojú mi, mo nù ún, mo tún un kà. Inú sì bí mi, ọmọ yìí, inú bí mi débi pé ọmọbìnrin tó ń tajà bi mí bóyá ó rẹ̀ mí. Ṣebí ohun tí ìyá àgbà máa ń rà fún ọ nìyẹn, tí ẹ̀yin méjèèjì máa ń jókòó lórí pèpéle tí ẹ ń lá a, tí gbogbo àyà aṣọ rẹ á pọ́n? O lọ sí Tokyo, o kàwé, o gba ìwé ẹ̀rí, o wá rán ìyá rẹ nínú ooru kó lọ wá ohun tí o ti ń jẹ láti ìgbà tí eyín rẹ kò tíì pé. Mo ra púpọ̀. Baba rẹ ní kí òun tọ́ ọ wò, mo ní ó le bí òkúta o, ó ní ṣé òun ni mo ń sọ fún. Eyín tí dókítà ṣe fún un kán sí méjì.

Níbí ni ikú rẹ ti bẹ̀rẹ̀. O mọ̀ pé nínú ilé wa, ohun tuntun kì í kan ẹnu alààyè kó tó dé iwájú pẹpẹ (ohun tó ba eyín baba rẹ jẹ́ nìyẹn, kò dúró). Mo gbé ọ̀kan síwájú fọ́tò ìyá àgbà. Mo wá rò ó pé kò ní mọ̀ pé tìrẹ ni, á jẹ ẹ́ tán, o mọ̀ ọ́n sí áísìkiriìmù. Ni mo bá gbé fọ́tò rẹ ti tirẹ̀, èyí tí o yà nígbà tí o jáde ilé ìwé, tí o wọ aṣọ dúdú. Mo tan tùràrí, mo lu agogo, mo ní ìyá, ti Chinami nìyí o, ẹ kàn tọ́ ọ wò ni. Òórùn ẹ̀wà náà wá dé imú mi, omi sì bọ́ lójú mi díẹ̀. Tokuko-san wọlé lásìkò yẹn pẹ̀lú kùkúḿbà, o mọ̀ pé kì í kan ilẹ̀kùn. Ó wo fọ́tò, ó wo tùràrí, ó wo ojú mi, ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, ó tẹrí ba, ó sì sáré jáde. Mo ní obìnrin yìí mà fẹ́ràn ìyá àgbà o.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ń dé nínú aṣọ dúdú, pẹ̀lú owó nínú àpòòwé. Mo rò pé ti Obon àkọ́kọ́ ìyá àgbà ni, mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, mo dúpẹ́, mo bu tíì fún wọn. Wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ rẹ, mo ní ó ti pẹ́ tí kò ti jẹ ẹran àti ẹja. Wọ́n wo ara wọn, ìyá onímọ́tò ní òun ti sọ ọ́, òun ti sọ ọ́ pé ìwọ̀nba ni àgbàdo lè gbé èèyàn dé. Mo ní ṣùgbọ́n ó ń bọ̀ wálé lọ́jọ́ kẹtàlá. Gbogbo wọn bú sẹ́kún. Bí wọ́n sì ti ń sunkún ni wọ́n ń ríran, nítorí ẹnì kan nínú wọn ti lọ sọ fún ìdajì abúlé pé kọ́tìnnì wa ti ya. Àwọn tí kò kí wa láti ìgbà ìjà omi oko ìrẹsì, wọ́n wá. O níyì gan-an nínú ikú, Chinami, kí o mọ̀.

Ìgbà tí Osho-san dé pẹ̀lú orúkọ tuntun tí tẹ́ḿpìlì máa ń sọ òkú, tó ti kọ sílẹ̀ fún ọ, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ó wo ilé wa, ó sọ ọ́ ní Ọmọbìnrin Ìrì Mímọ́ Tí Kò Pa Kòkòrò. Mo pariwo pé o wà láàyè. Ó ní àwọn ìyá máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní kí Tokuko-san fi fóònù tirẹ̀ pè ọ́ kó gbọ́ ohùn rẹ, ó ní láéláé, ọlọ́pàá ti kìlọ̀ fún gbogbo wa ní gbọ̀ngàn pé ohùn tó bá sọ lórí fóònù pé "èmi ni," olè ni, ó fẹ́ gbowó arúgbó ni. Òótọ́ ló sọ, èmi náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ní kó wá gba àpòòwé rẹ̀ padà, ó fò sẹ́yìn bí ẹni rí ejò, ó ní owó tó ti bá òkú jáde kì í padà wọlé òun.

Nítorí náà, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Ìdajì ohun tí wọ́n mú wá la gbọ́dọ̀ fi ra aṣọ ìnura àti ewé tíì pín padà fún wọn, bí a ti ń ṣe, ṣùgbọ́n baba rẹ ti fi owó náà tún eyín ṣe. Ikú rẹ ni, ìwọ ni kí o sanwó rẹ̀. Ti orúkọ náà, Osho-san ní kí a má ṣèyọnu, òun á tọ́jú rẹ̀ dè ọ́.

Mo ti kó gbogbo ẹja baba rẹ kúrò nínú fírísà wa. Ọ̀dọ̀ Tokuko-san ni wọ́n wà, ó sì ti ń jẹ níbẹ̀, ṣé mi ò mọ̀ ni. Ẹ̀wà pupa nìkan ló kún inú fírísà ilé yìí báyìí, o kò ní béèrè ọ̀rọ̀ kan. Ọbẹ̀ Obon ń kọ́? Ewé òkun àti olú gbígbẹ la fi ń se omi rẹ̀ fún àwọn òkú, ẹja kì í débẹ̀, bí mo ti ń sè é lọ́dọọdún nìyẹn. Ìgbà tí mo ń rẹ olú ló sọ sí mi lọ́kàn pé oúnjẹ wọn gan-an ni ìwọ náà ń jẹ. Ó dùn mí díẹ̀, nítorí kò yẹ kí ọmọdé ṣáájú àgbà dé ìdí àwo yẹn. Ṣùgbọ́n ìkòkò kan ni màá gbé kaná, màá bu ti ìyá àgbà, màá sì bu tìrẹ.

Ọkọ̀ òwúrọ̀ ni kí o bá wá, kí oòrùn mú ọ, kí o máa kí wọn sókè lójú ọ̀nà, kí wọ́n rí òjìji rẹ nílẹ̀. Bí o bá dé ní ìrọ̀lẹ́ nídìí iná, wọ́n á sá. Àárò rẹ ń sọ mí. Mo ti sọ ọ́, mi ò ní sọ ọ́ mọ́. Orí rẹ kò ní burú, ẹsẹ̀ rẹ kò ní ṣì ọ̀nà, ilé kò ní sú ọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹtàlá ni ìyá àgbà ń bọ̀, orúnkún kò sì dùn ún mọ́. Ìwọ tí o wà láàyè, má jẹ́ kó ṣáájú rẹ délé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Fusae