Ọ̀dùnkún Màmá Kò Rà: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Eunice Oyèkànmí (1944–2025)

Ìlú Ìkọ̀yà ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ni a bí Màmá wa sí ní ọdún 1944, sínú ìdílé Olóògbé Philemon Fọláránmi, àgbẹ̀ olóko ọ̀pẹ. Ìyá wọn tètè kú, ìyá bàbá wọn ló sì tọ́ wọn dàgbà. Ọwọ́ ìyá àgbà yìí ni wọ́n ti gba irú ọ̀dùnkún eléèpo pupa rúsúrúsú tí gbogbo ènìyàn wá mọ̀ mọ́ wọn.

Wọ́n kàwé dé ìwé mẹ́fà. Ní ọdún 1965, wọ́n fẹ́ Olóògbé Akíntáyọ̀ Oyèkànmí ti Igbodigo. Ìdì ìtàkùn ọ̀dùnkún wà nínú ẹrù tí wọ́n gbé wọlé ọkọ, àwọn ará ilé sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí oúnjẹ wọ́n lópin ẹ̀ẹ̀rùn, tí Màmá ṣí kòtò tí wọ́n tọ́jú ọ̀dùnkún sí, àwọn ẹlẹ́yà yìí ló kọ́kọ́ gbé abọ́ wá.

Ilẹ̀ wa tutù, ohun tí a bá wà jáde nínú rẹ̀ kì í pẹ́ bàjẹ́. Màmá kì í fọ ọ̀dùnkún tí wọ́n bá fẹ́ tọ́jú. Wọ́n á tò ó sórí imọ̀ ọ̀pẹ lábẹ́ ibòji títí ọgbẹ́ ọkọ́ ara rẹ̀ yóò fi jiná. Wọ́n á gbẹ́ kòtò síbi tí omi kì í dé, wọ́n á tẹ́ iyanrìn gbígbẹ, wọ́n á fọ́n eérú sí i, wọ́n á to ọ̀dùnkún lé e, wọ́n á wá bò ó, ihò kékeré kan péré ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Kò sí ẹni tó bèèrè tí wọn kò kọ́.

Ní ọdún 2003, wọ́n di Ìyá Ẹgbẹ́ nínú ìjọ. Ohun tó kàn yìí, tìbínú-tìbínú ni àwa ọmọ fi ń sọ ọ́. Ní ìkórè ọdún 2019, Màmá gbé àpò ọ̀dùnkún wá, kí ìjọ tọ́jú rẹ̀ fún àwọn opó di ẹ̀ẹ̀rùn. Alága ìgbìmọ̀ ìkórè ní, “A ò lè gbé erùpẹ̀ síwájú Ọlọ́run, Màmá.” Màmá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má fọ̀ ọ́. Wọ́n fọ̀ ọ́. Wọ́n fi kànìnkànìn ha á títí ó fi ń dán, ìjọ pàtẹ́wọ́, wọ́n sì tì í mọ́ yàrá ẹ̀yìn. Kí ọdún tuntun tó wọlé, òórùn rẹ̀ ti gba gbogbo ilé ìjọsìn.

Omi ló ba ọ̀dùnkún jẹ́, Màmá ni wọ́n mú. Wọ́n ní ọrẹ ọwọ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ ni Ọlọ́run kọ̀. Wọ́n gba ipò Ìyá Ẹgbẹ́ lọ́wọ́ wọn láìfi ọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, àwọn tí Màmá fún ní ìtàkùn sì fà á tu lóko. Ẹlẹ́ṣẹ̀! Obìnrin tí kò jẹ ẹyin adìẹ ẹlòmíràn rí! A kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó mú kànìnkànìn dání mọ ara rẹ̀, ó sì wà ní ìjókòó láàárín wa lónìí.

Àga ẹ̀yìn ni Màmá ń jókòó sí láti ìgbà náà. A ní kí wọ́n wá ìjọ mìíràn lọ, wọ́n ní ilé Ọlọ́run kì í ṣe ilé ìgbìmọ̀ ìkórè. Ní oṣù Kejìlá tó kọjá, wọ́n tún tọ́jú ọ̀dùnkún sínú kòtò kan, wọ́n ní ti àwọn opó ni, kí a má ṣí i kí oṣù Kẹta tó dé. Wọ́n sùn nínú Olúwa ní oṣù Kìíní. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, tí oṣù Kẹta ti wọlé, ni a ṣí i. Ẹyọ kan kò rà.

Màmá fi àwọn ọmọ sílẹ̀ lọ: Benedict, Dora àti Olúwaṣìkẹ́mi, àti àwọn ọmọ-ọmọ: Ọlámipọ̀sí, Jésùtómi, Adéìfẹ́ àti Ṣemílóore.

Ọ̀dùnkún tí ẹ óò jẹ lẹ́yìn ìsìn, inú kòtò náà ló ti wá. Àwọn opó ni yóò kọ́kọ́ bu tiwọn. Alága, ẹ̀yin náà ẹ jẹ, ẹ jẹ yó. Díẹ̀ nínú rẹ̀ wà níwájú pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí Màmá, tòun ti erùpẹ̀ ara rẹ̀. A kò fọ̀ ọ́.

Ẹ sùn re, Màmá. Ilẹ̀ tí ẹ mọ bí a ti ń fi nǹkan pamọ́ sí, kí ó pa ẹ̀yin náà mọ́ di àárọ̀ àjíǹde.