Ìwé Adájọ́ Wà Lọ́dọ̀ Mi

Abúlé Ìdí-Ọsàn,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹsàn-án, 1971.

Ọlábánjí ọmọ mi, Àlàó,

Ajégúnlẹ̀ ńkọ́? Omi òjò tó ń wọ yàrá yín ńkọ́? Mo gbàdúrà kí lẹ́tà yìí bá ọ láyọ̀, kó má bá ọ lórí àìsàn, kí Olúwa tó kó ọ yọ nínú ẹjọ́ má ṣe jẹ́ kí o rí irú rẹ̀ mọ́. Ara tèmi le, ọkàn mi ni kò jókòó. Láti àárọ̀ mo ti gbá àgbàlá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò sì sí ewé kan nílẹ̀. Ewúrẹ́ wa bí méjì, ọ̀kan kú. Pásítọ̀ tuntun ti dé, èèyàn kúkúrú ni, ohùn rẹ̀ ló ga.

Ó dára, jẹ́ kí n sọ ọ́. Ìwé tí adájọ́ kọ fún ọ, tí o wá títí tí o fi tú bẹ́ẹ̀dì palẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ló wà. Èmi ni mo mú un lọ́jọ́ tí mo kúrò lọ́dọ̀ rẹ. Uzoamaka aládùúgbò rẹ kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Martins, awakọ̀ tó ń kó ọsàn wa wá sí Malu Road, ló sọ fún mi pé o ti pe ọmọbìnrin yẹn lólè, pé ẹ kì í kíra yín mọ́. Ọmọ tó pọnmi fún ọ nígbà tí ibà dá ọ dùbúlẹ̀! Lọ bẹ̀ ẹ́. Bí ó bá gba pé kí o dọ̀bálẹ̀, dọ̀bálẹ̀.

Mo kúkú fẹ́ tètè fi tó ọ létí. Lọ́jọ́ kejì tí Martins sọ fún mi ni mo lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, mo ní kí wọ́n bá mi tẹ wáyà. Akọ̀wé ní iye ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń gbowó. Mo ní kò burú, mo kó gbogbo ṣílè ọwọ́ mi kalẹ̀. Mo kí ọ, mo kí onílé yín, mo kí ìyàwó rẹ̀, mo kí Uzoamaka, mo kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yín. Bí mo ṣe ní kí n wá wọ inú ọ̀rọ̀, akọ̀wé ní owó mi ti tán. Ó ní kí n yọ ìkíni kúrò. Mo bi í pé ṣé bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nílé wọn nìyẹn, kí èèyàn já wọ ilé onílé láìkí ẹnikẹ́ni, kó máa ké ìwé adájọ́, ìwé adájọ́? Nítorí náà, wáyà tó kún fún kìkì ìkíni yẹn, èmi ni mo fi ránṣẹ́, ohun tó kù nínú rẹ̀ ni mò ń kọ yìí.

O mọ̀ pé nínú ẹbí bàbá rẹ, ìwé ìdájọ́ kì í sùn ní yàrá ẹnìkan. Láti ìgbà ẹjọ́ ilẹ̀, inú àpótí irin Mọ́gàjí, olórí ẹbí, ni gbogbo rẹ̀ ń wọ̀. Nígbà tí mo rí i tí o gbé kọ́ọ̀bù tíì lé tìrẹ lórí, ẹ̀rù bà mí, mo ká a sínú gèlè mi. Nígbà tí mo délé, ẹbí jókòó lé e lórí. Mo ṣàlàyé fún wọn pé àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù Àpápá ni oníbodè ayé ìsinsìnyí, pé nítorí ẹrù ọ̀gá rẹ ní Warehouse Road, tí ìwọ fọwọ́ sí ìwé rẹ̀, wọ́n fi páásípọ́ọ̀tù rẹ ṣe ìwọ̀fà fún oṣù mẹ́fà, àmọ́ adájọ́ ti ní o kò lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, kí wọ́n dá a padà. Mọ́gàjí bèèrè irú iṣẹ́ tí páásípọ́ọ̀tù ń ṣe fún wọn láti oṣù mẹ́fà. Mo ní n kò mọ̀. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì ti àpótí pa.

Martins wá ní àwọn oníbodè ò ní yọ̀ǹda páásípọ́ọ̀tù láìrí ìwé náà, pé kóòtù ní ẹ̀dà mìíràn di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kejìdínlógún oṣù yìí ni ọkọ̀ òkun tí yóò gbé ọ lọ kàwé máa ṣí. Mo sáré lọ bá Mọ́gàjí. Ó ní ohun tó bá wọ àpótí kì í jáde àfi kí gbogbo ẹbí pé. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ fún ọjọ́ méjì, kò rọ́nà gbà lọ sóko. Lánàá ló gba àkùkọ kan, ó sì mú kọ́kọ́rọ́ wá.

Ọlábánjí, kì í ṣe nítorí kọ́ọ̀bù tíì. Ọjọ́ náà gan-an lo sọ fún mi, bí a ṣe ń jẹun ọ̀sán, pé láìsí ìwé yìí kò sí ìrìnàjò. Mo gbọ́ ọ dáadáa. Mo sì mọ àpótí Mọ́gàjí dáadáa. Kọ́láwọlé àbúrò mi wọkọ̀ òkun ní èbúté Àpápá yẹn lọ́dún méjìlá sẹ́yìn, ó ní ọdún mẹ́ta ni. Lẹ́tà méjì péré ló kọ. Orúkọ rẹ̀ ni ìyá wa ń pè títí ó fi dákẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ kú bẹ́ẹ̀, ìdí tí mo fi jí ìwé ọmọ mi nìyẹn. Àmọ́ nígbà tí wọ́n torí mi pe ọmọ ọlọ́mọ lólè, mo dìde lọ tẹ wáyà.

Ìwé náà wà nínú lẹ́tà yìí, mo fi ọ̀rá wé e. Sáré gbé e lọ sí Àpápá. Jọ̀wọ́ fi ṣílè mẹ́wàá rán Martins sí mi, àkùkọ tí mo fún Mọ́gàjí kì í ṣe tèmi, ẹni tó ni ín sì ti ń wá a kiri.

Òkun kò ní gbé ọ, òtútù kò ní mú ọ pa, ìwé tí o lọ kà kò ní yí ọ lórí. Bí o bá ti gba páásípọ́ọ̀tù tán, bá mi padà lọ sọ́dọ̀ adájọ́ yẹn. Ẹni tó pàṣẹ fún oníbodè, ẹnu rẹ̀ múlẹ̀. Ní kó kọ tèmi náà, kó lu òǹtẹ̀ sí i, pé kí ìlú òyìnbó dá Ọlábánjí padà fún ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Bí ó bá ní òun kò lè kọ ọ́, ìwọ kọ ọ́ fún mi, kí o sì fọwọ́ sí i.

Èmi ni ìyá rẹ,
Morádéún.