Irọ́ Tí Wọ́n Fẹ́ Fi Bo Ikú Leith

Àgọ́ Ọmọ Ogun Òfuurufú,
Milne Bay,
Papua.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta, ọdún 1943.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, Enid,

Ṣé dáadáa lẹ wà ní Bendigo? Ẹsẹ̀ Bàbá tó ń wú ńkọ́? Ṣé ikọ́ ti fi àwọn ọmọ sílẹ̀? Ẹ ṣé tí ẹ fi kéèkì ránṣẹ́. Èèrà bá wa pín níbẹ̀, àmọ́ a gbádùn rẹ̀. Ara tèmi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀. N ò fi lẹ́tà yìí sínú àpò ìfìwéránṣẹ́ wa, torí àwọn ọ̀gá máa ń tú u kà. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ibà lé padà sílé ló ń mú un bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, Leith ti kú. Leith ọmọ Ìyá Corrigan àdúgbò wa, tó ń wa ọkọ̀ òfuurufú ajubọ́ǹbù tí èmi ń tún ṣe. Àwọn mẹ́ta tó wà pẹ̀lú rẹ̀ bá a lọ. Kì í ṣe ọ̀tá ló pa wọ́n, ohun tó ń rí mi lára nìyẹn.

Ọ̀gágun kan ń bọ̀ wá wò wá lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Ọ̀gá Stannard tó ń darí wa ti fọ́nnu fún un pé ọkọ̀ méjìlá ni yóò fò kọjá lójú rẹ̀. Mọ́kànlá péré ló dá. Ìkejìlá ni ti Leith, ẹ̀rọ òsì rẹ̀ sì ń da òróró bí imú ọmọ tí òtútù mú. Mo sọ fún Stannard. Ó ní, “Clarrie, ẹ̀rọ wo ni kì í da òróró? Ṣé ìwọ lo máa gùn ún ni?”

Mo bá lọ bá Leith, mo ní kó má gùn ún. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọ̀rẹ́, tí mo bá kọ̀, Harkness ni wọ́n máa gbé e fún, ìyàwó ẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni.” Èmi náà ni mo fọwọ́ ara mi yọ igi ìdènà kúrò lẹ́sẹ̀ táyà. Ẹ má rò pé ọwọ́ mi mọ́.

Kò pé ogún ìṣẹ́jú tí wọ́n gbéra tí èéfín fi bo apá òsì ọkọ̀ náà. Ó rọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn òkè, a ò rí i mọ́. Apẹja kan tó ń jẹ́ Lebasi, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló wa ọkọ̀ ojú omi lọ síbẹ̀. Òkú méjì ni wọ́n rí gbé, ti Leith wà níbẹ̀. Ẹní tí wọ́n ń sùn lé ni wọ́n fi bò wọ́n wá. Lebasi sọ fún mi pé, “Orí abúlé wa ló ń bọ̀ tààrà. Àwọn ìyàwó wa àtàwọn ọmọ wà lóko iṣu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo rí i tó yí i sójú òkun.”

Ẹ wá gbọ́ ohun tí Stannard kọ. Ó ní Leith fò wálẹ̀ láti ṣe fáàrí fáwọn ọmọbìnrin etí òkun ni, òun ló pa ara rẹ̀ àtàwọn mẹ́ta yòókù. Ó pè mí kí n wá fọwọ́ sí i pé ẹ̀rọ náà dá ṣáṣá. Èso píìsì inú agolo ló ń jẹ, omi rẹ̀ ń kán sí i lágbọ̀n. Mo sọ ohun tí Lebasi rí fún un.

“Ta ló bi ará erékùṣù léèrè?” ló wí. “Òkú ò lè rojọ́, Clarrie. Fọwọ́ sí i.”

Mo ti ìwé náà padà sí i. Noakes, tá a jọ ń tún ọkọ̀ náà ṣe, tá a sì jọ fojú ara wa rí òróró yẹn, fọwọ́ sí i láìka á. Wọ́n ti fún un ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tó na ọwọ́ pé ká dágbére, bí òkú eku ni mo ṣe wo ọwọ́ náà. Ihò ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n ní kí èmi máa gbẹ́ báyìí. Òórùn rẹ̀ sàn ju ti ọ́fíìsì Stannard lọ.

Wọ́n ní bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Àmọ́ Ìyá Corrigan ò ní ogún ọdún láti fi dúró. Lẹ́tà ìjọba ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Ẹ má dúró lẹ́nu ọ̀nà sọ ọ́, ẹ jókòó tì í. Ẹ sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ò ṣeré kankan, àti pé abúlé kan wà níbí tí gbogbo èèyàn inú rẹ̀ ṣì wà láàyè. Bí wọ́n bá bi í ta ló sọ bẹ́ẹ̀, kó dárúkọ mi.

Ẹ bá mi kí Bàbá àti gbogbo ilé.

Èmi ni àbúrò yín tòótọ́,
Clarrie Venning.