Wọ́n Ní Gíláàsì Mi Ń Jò

Màmá mi, ẹ kú ilé Agosasa o. Ara mi dá ṣáká, inú nìkan ló ń bí mi.

Ṣé ẹ rántí Pijó àtijọ́ tí à ń tún ṣe fún Alájì Bàrúwà ní Ayétòrò níbí? Èmi ni mo dá dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ padà. Èmi náà ni mo fi gíláàsì iwájú sí i. Mo ki okùn bọ inú rọ́bà etí rẹ̀, mo fi omi ọṣẹ pa á, mo wá ń fa okùn láti inú bí ọ̀gá mi ṣe ń fọwọ́ gbá gíláàsì níta, títí ó fi jókòó wẹ́kú.

Àfi bí Husain ọmọ Alájì ṣe dé lánàá, tó rí omi lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, tó ní gíláàsì mi ń jò! Ó ní kí n yọ ọ́, kí n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń lẹ páálí. Ẹ gbọ́ ìwọ̀sí! Òjò ọjọ́ Jímọ̀ rọ̀ mọ́jú, omi kan ò kán sórí ìrọ̀rí mi. Omi ẹ̀wù tí mo fọ̀, tí mo sá síbẹ̀, ló rí. Ṣé mo wá lè sọ ìyẹn fún un ni?

Ẹ bá mi kí Rodiat ìyàwó mi. Ẹ ní kó má tíì máa bọ̀. Yàrá mi dára, àmọ́ kò gba ènìyàn méjì.