Iyán Àárọ̀ Ọjọ́ Tí Ẹ Lọ sí Ọ̀kà

Bàbá mi, ẹni tí mi ò bá nílé mọ́,

Òní ló tó yé mi ìdí tí ẹ fi jẹ iyán yó láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ní kí ẹ wá fi ẹ̀jẹ̀ han dókítà òyìnbó ní Ọ̀kà. Nígbà tí Bàbá Kékeré, àbúrò yín, ròyìn rẹ̀ fún mi, inú bí mi sí yín díẹ̀: wọ́n ní kí ẹ má jẹun, ẹ jẹun. Àfi bí mo ṣe bá Ìyá Àgbà nídìí odó lónìí, tí wọ́n ń gún iyán tí Wúrà, àbúrò mi, yóò jẹ kí ilẹ̀ tó mọ́, torí èmi àti ẹ̀ yóò gba ọ̀nà Ọ̀kà yẹn kan náà lọ́la. Mo ní wọn ò gbọdọ̀ fún un. Wọ́n gbé ọmọ odó dúró.

"Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbà lára ọmọ, ẹ tún ní kó má jẹun? Ìwọ tó lọ kàwé ní Sàró, níbo lẹ̀jẹ̀ ti ń wá lọ́hùn-ún?"

Ohun tí ẹ̀yin náà rò nìyẹn, àbí? Ẹni tó máa yọ nǹkan lára fúnni, kó kọ́kọ́ fi nǹkan síkùn. Kí ló burú níbẹ̀? Ṣé ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún yín? Èmi bi akọ̀wé dókítà nígbà tó wá kéde ní Ìkàrẹ́ níbí pé dókítà ti padà dé. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi bi í, ó sì dá mi lóhùn tẹ̀rín-tẹ̀rín pé oúnjẹ máa ń da ẹ̀jẹ̀ rú lójú awò tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Gbólóhùn kan péré! Kí ló dé tí kò lè sọ ọ́ fún yín?

Ẹ̀yin ló jágbe mọ́ lójú ayé, ọmọ tí ẹ lè bí: "Ìwọ baba yìí, ikùn rẹ nìkan lo mọ̀. Padà sílé!" Ó ń pè yín ní ìwọ! Èyí tó sì ń ta mí lára jù ni pé àwọn tí ẹ jọ tò ti jẹun. Wọ́n nu ẹnu, wọ́n parọ́, wọ́n gba oògùn. Ẹ̀yin sọ òótọ́, ẹ gbé ibà yín padà wálé. Kí dókítà tó tún dé, a ti sin yín.

Mo lè fi Gẹ̀ẹ́sì bínú, ó yá mi lẹ́nu jù. Ṣùgbọ́n èdè yín tí mo ń kọ́ padà ni mo fi ń bínú yìí, kí ẹ lè gbọ́.

Ibà yẹn ti wà lára Wúrà báyìí. Dókítà ò ní fún un lóògùn láì rí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àlùfáà ojúlé kejì ní ààwẹ̀ tí kò ní sààrì, ti òyìnbó ni. Gbogbo agbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi ò lè rín. Ẹ mọ òkè Ọ̀kà. Ọmọ tí kò lè gbé agbè omi mọ́, ṣé ó lè fi ikùn òfìfo gùn ún? Mo lè pọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n títí dé ibo? Òkèlè ìkẹyìn tí ẹ máa ń fi sílẹ̀ fún un nínú àwo, èmi ni mo ń fi í sílẹ̀ báyìí. Kì í jẹ ẹ́ tán mọ́.

Ìyá Àgbà ti di ẹ̀kọ sọ́wọ́ wa fún ọ̀nà. Tó bá jẹ ẹ́, wọ́n á bi í bóyá ó ti jẹun. Ṣé kí n kọ́ ọ nírọ́, ọmọ tí ẹ fi òótọ́ tọ́? Ṣé kó sọ òótọ́ bíi tiyín, kí wọ́n lé e padà? Àbí kí n febi pa á, kó dákú sórí òkè? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, Bàbá. Ilẹ̀ ò ní pẹ́ mọ́.

Èmi ni,
ọmọ yín tó pẹ́ kó tó délé.